Ìbọn Bàbá Fred Wà Nínú Ike Gààrí Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ẹrù kan wà lórí mi tí mi ò lè dá sọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rù ú, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé mo lè fi rẹ́rìn-ín láàárín èèyàn. Àmọ́ lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ìyá kan bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Gorton ni mò ń gbé, ní Manchester. Opó ni mí. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n wà ní London, wọ́n máa ń pè mí nígbà tí wọ́n bá rántí. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú nínú ilé wọn. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń gbọ́ ìtàn kan náà lójoojúmọ́, n ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyá àdúrà ni wọ́n ń pè mí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdẹ ni mí, ọmọ Ìgànná ní Òkè-Ògùn. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Ìbọn gígùn wúwo jù fún mi nígbà yẹn. Bí mo bá gbé e, òun ló máa ń gbé mi. Ni bàbá mi bá ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ìbọn ìléwọ́ kékeré kan fún mi. Ìbọn tálákà ni. Ẹsẹ̀ àga tó kán ni wọ́n fi ṣe ìdí rẹ̀. Àwọn ọdẹ yòókù máa ń fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìbọn wo nìyẹn, ṣé aláǹgbá ló fẹ́ fi pa ni.

Tí oòrùn bá ti rọ̀, a ó gbé agolo mílíìkì lé orí ògán lẹ́yìn oko. Bàbá mi á dúró lẹ́yìn mi, á gbé ọwọ́ lé èjìká mi.

"Má fà á bí ẹni ń jà," á wí. "Rọra bẹ̀ ẹ́."

Bí mo bá yìn ín, agolo á fò, àwọn àparò á gbéra nínú pápá, òórùn ẹ̀tù á kún mi nímú. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "O ò jọ obìnrin, o ò jọ ọkùnrin. Èmi lo jọ."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo lọ́kọ, mo bímọ, mo wọ bàlúù wá sí ìlú òyìnbó, kò tíì sí ohun tó dùn mọ́ mi bí ọwọ́ bàbá mi lórí èjìká mi nígbà tí ìbọn yẹn bá dún. Títí di òní, tí mo bá dúró de bọ́ọ̀sì ní Hyde Road nínú òjò, èjìká ọ̀tún mi máa ń wá ọwọ́ náà.

Nígbà tí bàbá mi kú, ìwé ìgbélùú mi kò tíì pé. Bí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Mo jókòó síbí, wọ́n sin bàbá mi. Àwọn ọdẹ ìlú wa ṣípà fún un. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ohun ìṣọdẹ rẹ̀ jáde nílé, wọ́n á gbé e lọ sínú igbó, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì padà wálé láìwẹ̀yìn. Nígbà yẹn ni òkú ọdẹ tó lè sinmi. Àbúrò bàbá mi gbé fóònù sókè kí n lè gbọ́ ìró ìbọn. Ohun tí mo gbọ́ kò ju gúgúrú tó ń ta nínú ìkòkò lọ. Wọ́n gbé ìbọn kékeré tèmi náà lọ mọ́ ti bàbá mi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ.

Bí ọkàn mi ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n rán mi sí ilé Bàbá Fred.

Òyìnbó arúgbó ni. Ó ń dá gbé nínú ọ̀kan lára àwọn ilé tó so kọ́ra níbí ní Gorton, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Linda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ń wá wò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo máa ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Bímpé ló máa ń lọ ní àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di orúkọ Bímpé yìí mú dáadáa, nítorí òun ni mo ṣẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ni Bímpé, mo dàgbà tó láti bí i lábíkẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ wa ló gba físà fún un. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé rẹ̀ bọ́ nìyẹn. Èmi ni mo fún un ní kóòtù àkọ́kọ́ tó wọ̀ nílùú yìí. Mummy ló ń pè mí. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Fred bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí nílùú yìí. Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí n gbé agolo bisikíìtì tó wà lábẹ́ àwọn súwẹ́tà rẹ̀ wá.

Ìbọn ìléwọ́ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi àkísà olóróró wé.

Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun wà nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń yìnbọn sí àmì lọ́jọ́ Sátidé. Ìbọn olówó ńlá ni tàwọn yòókù. Èyí tó rọjú jù lọ lòun rà. Ó máa ń há. Wọ́n máa ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de ìbọn ìléwọ́, tí wọ́n ní kí oníkálukú kó tirẹ̀ wá, òun kò kó o lọ. Ó ní, "Ta ló máa ka èyí mọ́ ìbọn?"

Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un nípa ẹsẹ̀ àga tó kán. Àfi bí ẹni pé èmi àti òun jọ dàgbà ní ìdílé kan náà.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé kí n sọ ohun tí mo rí. Mi ò sọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti wẹ̀ ẹ́, á ní kí n gbé agolo wá. N ó fi òróró nu ìbọn náà, òun á máa sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, tó máa ń gbé tíì dúró dè é nínú òtútù lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa ń dì í mú sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo máa ń tiẹ̀ pa ojú dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bí ẹni kan bá fún yín ní ìgbà èwe yín lọ́wọ́, ṣé ẹ máa jù ú nù?

Ọjọ́ kan ni mo ṣàlàyé ìpà ọdẹ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣe é fún òun. Ó ní kí Linda má rí ìbọn náà láé. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Promise me, love."

Mo ṣèlérí. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í ṣípà ọdẹ. Mo mọ̀ pé òyìnbó tó ń yìnbọn sí bébà kì í ṣe ọdẹ. Mo mọ gbogbo rẹ̀, mo sì ṣèlérí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó kú, Bímpé ló bá a lórí ibùsùn. Ọmọ náà kò rí òkú rí. Ó pè mí. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mo sáré lọ bá a, torí ilé mi kò jìnnà. Wọ́n ti pe dókítà, wọ́n sì ti pe Linda, àwọn méjèèjì wà lọ́nà. Mo fún Bímpé lómi mu ní ìsàlẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ gbàdúrà fún Bàbá. Mo gòkè. Mo gbàdúrà lóòótọ́. Lẹ́yìn àdúrà, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ki agolo náà bọ inú báàgì mi, mo sì lọ kí ẹnikẹ́ni tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí orí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí kò sí ju àgùntàn àti atẹ́gùn lọ. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́ ṣe. N ó gbé agolo náà sábẹ́ òkúta, n ó pe orúkọ Bàbá Fred, n ó yí padà, mi ò sì ní wẹ̀yìn. Mo rí òkúta. Mo kúnlẹ̀. Mo la ẹnu láti pe orúkọ Fred, orúkọ bàbá mi ló jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Mo yọ ìbọn náà. Ọta wà nínú rẹ̀. Mo nà án sí òfuurufú níbi tí kò sí nǹkan kan. Ó há, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Fred ti wí. Mo rọra bẹ̀ ẹ́. Ó dún. Àwọn àgùntàn túká. Òórùn náà kún mi nímú, èjìká mi sì gbóná ní ibi tó yẹ kó ti gbóná. Mo sunkún bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Ẹkún tí mi ò lè sun nígbà tí wọ́n ń sin bàbá mi, orí òkè òyìnbó ni mo ti sun ún.

Ohun tí a bá gbé lọ sígbó fún òkú ọdẹ, a kì í gbé e padà wálé. Ọmọ ọdẹ tó bá gbọ́ èyí á ní èèwọ̀ ni. Mo gbé e padà wálé. Mi ò lè fi í sílẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n ó padà lọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé títí di òní.

Nígbà tí mo tú kókó kan tó wà létí àkísà náà nílé kí n lè fọ̀ ọ́, òrùka wúrà kan já bọ́ sílẹ̀. Òrùka ìyàwó Bàbá Fred ni. Bàbá náà kò sọ fún mi rí pé òun fi í síbẹ̀.

Kí n tó mọ ohun tí n ó ṣe, ariwo ti ta. Linda ń wá òrùka ìyá rẹ̀. Ó ní ó ti bọ́ lẹ́nu bàbá òun rí pé inú agolo bisikíìtì ló wà, òun ò sì rí agolo. Kò mọ̀ pé ìbọn wà nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa pe Bímpé. Wọ́n bi í pé ta ló wọ ilé náà ní àárọ̀ yẹn. Bímpé ní òun nìkan ni.

Ẹ gbọ́ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún mi, nínú ilé mi, lórí àga mi.

"Mi ò dárúkọ yín, Mummy. You were not on shift. Wọ́n á ní kí lẹ wá ṣe níbẹ̀. Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ dá yín dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá torí tèmi."

Kò fura sí mi. Kò tilẹ̀ kọjá lọ́kàn rẹ̀. Ta ló ń fura sí ìyá rẹ̀? Mo gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Mo ní, "Ọlọ́run á jà fún ẹ." Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́.

Wọ́n lé e. Kò sí ẹ̀rí, wọn ò pe ọlọ́pàá, àmọ́ wọ́n lé e, ìwé rẹ̀ sì bọ́. Ó ń bá obìnrin kan ta aṣọ ní ọjà Harpurhey nísinsìnyí, nínú òtútù, ó ń retí ohun tí lọ́yà yóò sọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò dá òrùka náà padà. Mo rò ó. Mo ní bí òrùka bá ṣàdédé padà, wọ́n á ní Bímpé ló ronú pìwà dà, olè ti dájú nìyẹn. Mo tún ní bí mo bá jẹ́wọ́ agolo, wọ́n á bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ni ìbọn ìléwọ́ nílùú yìí, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́.

Nígbà kan, àwọn ọlọ́pàá kéde pé kí ẹni tó bá ní ìbọn wá kó o sílẹ̀, àwọn kò ní mú ẹni tó bá gbé e wá torí pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi í sínú báàgì ọjà, mo fi ẹ̀fọ́ lé e lórí. Mo dé ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá. Mo wo ilẹ̀kùn náà. Mo padà sílé. Kì í ṣe ẹ̀rù ló dá mi padà. Mo ro bí ọwọ́ mi ṣe máa rí nígbà tí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, mi ò sì lè fara dà á. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ tí mo wá jẹ́wọ́. Torí ìfẹ́ irin kékeré kan tí kò níláárí ni mo ṣe ta ọmọ ọlọ́mọ.

Inú ike gààrí mi ló wà, lábẹ́ tábìlì ìdáná, òun àti òrùka náà nínú agolo, mo fi ọ̀rá wé e. Tí mo bá dá wà, mo máa ń yọ ọ́, mo máa ń nu ún. Mi ò yìn ín mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ọta kan ló kù. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀.

Ó wá ku ti Sunday tó kọjá. Bímpé ní àfẹ́sọ́nà ní Ìbàdàn, Kúnlé. Ẹnìkan láti ìhín ti pe ilé pé olè ni Bímpé. Ìyá Kúnlé ní òun fẹ́ bá àgbà kan sọ̀rọ̀ kí òun tó jẹ́ kí ọmọ òun tẹ̀ síwájú. Èmi ni Bímpé mú. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Mà," ni ìyá Kúnlé wí. "Ẹ má bínú pé mo yọ yín lẹ́nu. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní. Ọmọ yìí ní ẹ̀yin ni ìyá òun níbẹ̀. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ́?"

"Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, Mà."

"Mo gbọ́. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ike gààrí náà wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ìyá náà dúró, dúró, kò gbọ́ ohùn. Ó wá bi Bímpé fúnra rẹ̀: "Ta ló tún wọ ilé yẹn lọ́jọ́ náà?"

Bímpé gbé ojú sókè. Ó wò mí. Ó mi orí sí mi díẹ̀, bí ẹni ń sọ pé kí n má bẹ̀rù.

"Èmi nìkan ni, Mà," ó wí. "Kò sẹ́lòmíì."

Ìyá Kúnlé mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́, òun máa rò ó, òun yóò tún pè lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Wúrà wà lábẹ́ gààrí mi, orúkọ Bímpé sì wà nílẹ̀.

Bímpé nu ojú rẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun, ó ní kí n jókòó, òun á tẹ ẹ̀bà fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó nawọ́ sí ike náà.

"Fi í sílẹ̀!"

Mi ò jágbe mọ́ ọn rí. Ó fò sẹ́yìn. Ọmọ náà rò pé ọ̀rọ̀ ìyá Kúnlé ló bí mi nínú, ó rò pé òun kó ìtìjú bá mi. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ìdáná mi, ó ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Èmi ni ó ń bẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ohun tí kò dára rí tí ẹ sì rí ọ̀nà padà, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má sọ fún mi pé kí n lọ jẹ́wọ́. Mo mọ ìyẹn. Ẹ̀wọ̀n tó wà níwájú mi pàápàá, mo ti ń bá a wíjọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí n ó ṣe wo ojú ọmọ náà.

Sunday tó ń bọ̀, yóò dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò bọ́ kóòtù tí mo fún un, yóò ní òun fẹ́ tẹ ẹ̀bà. Mo fẹ́ jókòó. Mo fẹ́ di ọwọ́ mi mú, kí n jẹ́ kó ṣí ike náà, kó bu gààrí títí tí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi kan agolo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, kí ni ìyá máa ń wí lẹ́yìn ìyẹn?